Náílọ̀nù gààrì

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 10, oṣù Ọ̀wàrà, 2024. Àkúrẹ́.

Èlùbọ́ ni mo lọ rà l'Ọ́jà Ọba láàárọ̀. Rédíò kékeré tí Màmá tó ń ta èlùbọ́ gbé kọ́ sára igi ìsọ̀ rẹ̀ ń sọ pé òní ni àyájọ́ ọjọ́ tí wọ́n fi ń tako ìdájọ́ ikú káàkiri àgbáyé. Ọwọ́ Màmá dúró nínú èlùbọ́. Kò wojú mi.

"Ìyá Ìbejì, bá mi pa nǹkan yẹn."

Mo pa á.

Ọdún 2012 ni wọ́n dájọ́ ikú fún àkọ́bí rẹ̀ lórí ẹ̀sùn ìdigunjalè. Ọgbà ẹ̀wọ̀n tó jìnnà síbí ló wà. Láti ọjọ́ náà ni Màmá ti mọ̀ pé gómìnà ló ń buwọ́ lùwé kí wọ́n tó yẹgi fún èèyàn. Bí ìbò bá ti ń bọ̀, àwa a máa sọ̀rọ̀ ọ̀nà àti iná, òun a máa bèèrè pé irú èèyàn wo ni ẹni tó fẹ́ wọlé.

Kì í ṣe ìbẹ̀rù lásán. Lọ́jọ́ 16, oṣù Òkúdu, 2013, ọjọ́ tí wọ́n ń ṣàyẹ́sí àwọn bàbá ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ààrẹ Goodluck Jonathan ní kí àwọn gómìnà máa buwọ́ lu irú ìwé bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 24, wọ́n ti yẹgi fún ọkùnrin mẹ́rin l'ẹ́wọ̀n Bìní. Wọn ò sọ fún àwọn ará ilé wọn tẹ́lẹ̀. Ẹnì karùn-ún wà níbẹ̀. Ìbọn ni ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n fi pa òun, kì í ṣe okùn, ni wọ́n bá dá a padà. Ní 2014, wọ́n tú ọkùnrin náà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni yẹn ni Màmá dì mú. Àmọ́ lọ́jọ́ 23, oṣù Ọ̀pẹ, 2016, Kérésì ku ọ̀tunla, wọ́n tún pa mẹ́ta ní Bìní kan náà.

"Láti ìgbà yẹn, tí mo bá ti ń sún mọ́ géètì, ojú wọ́dà ni mò ń wò. Tó bá ti kí mi, mo mọ̀ pé ọmọ mi ṣì wà."

A máa ń sọ pé ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù. Èyí tí ìjọba pa, tí wọn ò gbé òkú rẹ̀ fún ẹbí ńkọ́? Bí wọ́n ṣe ṣe fún ìdílé Ken Saro-Wiwa àti àwọn ará Ògóni mẹ́jọ ní 1995 nìyẹn. Ó kú, ó sì tún nù. Níbo ni ìyá máa kọjú sí sunkún?

Àbúrò ọmọ náà ló dùn mí jù. Wọ́n ti mú ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nígbà tí àwọn àna lọ wádìí ìdílé, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Wọn ò padà wá. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni ọmọbìnrin yẹn nígbà tí wọ́n mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kí ló jí?

Mo mọ̀ pé ilé mìíràn wà tí wọ́n ti sunkún nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ ìdigunjalè náà. Màmá gan-an mọ̀. Ó ní òun máa ń dárúkọ ìyá ilé yẹn nínú àdúrà kóun tó dárúkọ ọmọ òun.

Lọ́la ló ń lọ wo ọmọ rẹ̀ lẹ́wọ̀n. Kí n tó kúrò, ó bu gààrì sínú náílọ̀nù, ó ki ọṣẹ méjì bọ inú náílọ̀nù mìíràn. Ó ta ẹnu ti gààrì ní kókó, ó wò ó, ó sì tún tú u.

"Wọ́n á ṣáà tú u wò."

Ó kàn lọ́ ẹnu rẹ̀ lásán, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ báàgì, ó wá wọn èlùbọ́ mi.