Òjé mélòó ló yẹ kí n gbé?

Ọ̀rọ̀ òjé tí àwa tá à ń mòòkùn máa ń so mọ́ra ká lè rì ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ kí n tó sùn lónìí. Ọ̀pọ̀ ibi téèyàn bá ti lọ háyà jíà ìmòòkùn, wọ́n á kàn wò ẹ́ látòkè délẹ̀, wọ́n á ní gba kílò 8, ó parí nìyẹn. Wọn ò ní bi ẹ́ bóyá aṣọ rọ́bà tó nípọn lo fẹ́ wọ̀ àbí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọn ò ní bi ẹ́ bóyá omi òkun lò ń lọ àbí omi púùlù. Mi ò fara mọ́ ọn rárá, torí òjé yẹn ló máa sọ bóyá wàá gbádùn omi àbí wàá kàn máa bá a jà títí afẹ́fẹ́ ẹ á fi tán.

Púùlù òtẹ́ẹ̀lì kan l'Alágbàká níbí l'Ákúrẹ́ la ti ń kọ́ ìmòòkùn, àwọn kan láti Èkó ló ń gbé jíà wá fún wa. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé ṣebí Ìpínlẹ̀ Oǹdó náà ní òkun, kí ló dé tá ò lọ sí Ìlàjẹ. Ẹrẹ̀ ni etíkun Máhìn yẹn o, kì í ṣe yanrìn, omi ẹ̀ máa ń rú, kò sóhun téèyàn fẹ́ rí lábẹ́ ẹ̀. Àbúrò wa kan tá a jọ ń kọ́ ọ, ọmọ Ayétòrò ni, òkun ti jẹ púpọ̀ nínú ilẹ̀ wọn lọ́hùn-ún, síbẹ̀ òun ló fẹ́ràn omi jù nínú gbogbo wa, ọmọ yẹn máa ń wú mi lórí.

Ẹ̀gbọ́n tó ń kọ́ wa ní kí oníkálukú lọ síbi tó jìn, kó tú gbogbo afẹ́fẹ́ inú jákẹ́ẹ̀tì ẹ̀ (èyí tá a máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ká lè léfòó) dànù, kó fi rẹ́gúlétọ̀ tá a fi ń mí afẹ́fẹ́ inú sílíńdà sẹ́nu, kó má ta ẹsẹ̀ rárá, kó mí sínú bó ṣe máa ń mí, kó dá a dúró díẹ̀. Tí òjé ẹ bá ṣe rẹ́gí, ojú omi á dọ́gba pẹ̀lú ẹyinjú ẹ, tó o bá wá mí síta wàá rọra máa rì. Tó o bá ti rì kó o tó mí síta, òjé ti pọ̀ jù nìyẹn. (Ojú omi nìkan lèèyàn ti lè dá èémí dúró báyẹn, tó o bá ti wà nísàlẹ̀, má dán an wò láéláé, ó lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.)

Mo bi wọ́n pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, sílíńdà mi ṣì kún, ṣé kò ní yàtọ̀ tó bá ti ń tán lọ?" Wọ́n ní, "Ó máa yàtọ̀ dáadáa, afẹ́fẹ́ náà wúwo." Òótọ́ sì ni. Sílíńdà alumíníọ̀mù tí wọ́n sábà máa ń háyà fún èèyàn, lítà 11 ni, tí wọ́n bá fẹ́ ẹ dé bar 200 (bar ni wọ́n fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ ṣe fún pọ̀ tó), afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ nìkan ju kílò 2.5 lọ. Tó o bá fi máa ku bar 50, nǹkan bíi kílò 2 ti lọ lára ẹ. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní ká fi bíi kílò 2 kún un tí a bá fi sílíńdà tó kún wọ̀n ọ́n, torí tó bá di ìparí, nígbà tó o bá fẹ́ dúró ní mítà 5 fún ìṣẹ́jú 3 kó o tó jáde sókè, ibẹ̀ ni ẹni tí òjé ẹ̀ ò tó á ti máa léfòó láìfẹ́.

Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù ni mo máa ń rí lára jíà háyà. Gbogbo kílò 1 tí ò yẹ kó wà lára ẹ, lítà afẹ́fẹ́ 1 lo máa fi sínú jákẹ́ẹ̀tì kó o tó lè dúró, afẹ́fẹ́ yẹn náà lá máa fẹ̀ tó o bá gòkè díẹ̀, tó o bá lọ sísàlẹ̀ a tún sún kì, o ò ní sinmi. Láti ojú omi dé mítà 10, agbára omi ti di ìlọ́po méjì, ìyẹn ni pé apá òkè yẹn gan-an ló ti ń yí padà jù, kò rọrùn bí àwọn èèyàn ṣe rò. Ẹni tó bá lè dúró jẹ́ẹ́ ní mítà 2 nínú púùlù, mítà 15 ò ní le fún un.

Àbúrò wa yẹn, òjé ẹ̀ pé lónìí àmọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ ń rì ṣáá. Gbogbo òjé wà ní ìbàdí, afẹ́fẹ́ kó jọ sí èjìká jákẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù fún un, ló bá dà bí ọ̀kadà tí wọ́n di àpò kòkó méjì sẹ́yìn, tí iwájú ẹ̀ ń gbé sókè. Tó bá ta ẹsẹ̀, òkè ló ń lọ, kì í ṣe iwájú. Ẹ̀gbọ́n yọ òjé kílò 1 méjì kúrò níbi bẹ́líìtì ẹ̀, wọ́n so ó mọ́ okùn tó di sílíńdà mú lápá òkè, wọ́n gbé sílíńdà náà sókè díẹ̀, wọ́n wá pààrọ̀ jákẹ́ẹ̀tì fún un, wọ́n ní kó ká orúnkún. Ọmọ náà tẹ́ gbọọrọ nínú omi lójú wa báyìí, kò mira rárá! Nígbà tó jáde ló ń pariwo, "Àǹtí, ẹsẹ̀ mi ò rì mọ́!" Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Oṣù Kejìlá la ń lọ sí Zanzibar. Èmi pẹ̀lú gbogbo jíà tó kílò 90, omi òkun sì fi nǹkan bíi ìdá 2.5 nínú 100 wúwo ju omi púùlù lọ, tí mo bá ṣírò ẹ̀, ó lé ní kílò 2 tí màá fi kún òjé mi níbẹ̀, ká tó tún wá sọ ti aṣọ rọ́bà, torí tuntun máa ń léfòó ju àlòkù tó ti pẹlẹbẹ lọ. Mo ti fi WhatsApp bi àwọn tá a fẹ́ háyà lọ́wọ́ wọn pé ṣé alumíníọ̀mù ni sílíńdà wọn àbí irin, ṣé kílò ni òjé wọn àbí pọ́ùn, ṣé pọ́kẹ́ẹ̀tì òjé wà lára okùn sílíńdà. Wọ́n ní alumíníọ̀mù ni, kílò ni, pọ́kẹ́ẹ̀tì ò sí. Màá ra méjì lọ láti ibí, èmi àti àbúrò wa á jọ máa lò ó.