Ẹ Yé Fi Fọ́ọ̀mátì Bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń kọ́ṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, láti Takie dé Under G, oògùn kan ṣoṣo lẹ ní lápò: fọ́ọ̀mátì, ìyẹn kẹ́ ẹ pa Windows àti ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́, kẹ́ ẹ fi tuntun sí i. Oníbàárà ò tíì sọ̀rọ̀ tán, ẹ ti ń wá fíláàṣì tí Windows wà lórí ẹ̀. Ọmọ kan tún ṣe é lójú mi lọ́jọ́ Ẹtì, inú mi ru, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí. Mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń wọ Device Manager o. Ẹni tí ò bá mọ ìyẹn, kó lọ bá ọ̀gá ẹ̀.

Èkíní: kọ̀ǹpútà máa ń kọ orúkọ ẹni tó ṣẹ̀ sílẹ̀. Tí sọ́fítíwià bá ń pa dé fúnra ẹ̀, ẹ tẹ Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ eventvwr kí Event Viewer lè jáde, ẹ ṣí Windows Logs, ẹ wọ Application. Ẹ wá Error tí nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ 1000, tí àsìkò ẹ̀ bá ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀ mu, kí ẹ ka ohun tó wà níwájú "Faulting module name". Tí orúkọ fáìlì yẹn bá fi "nv" bẹ̀rẹ̀, ẹ fura sí driver káàdì fídíò Nvidia, ìyẹn sọ́fítíwià tó ń darí ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà. Tó bá jẹ́ "ati" tàbí "amd", ẹ fura sí ti AMD. "Ig", ti Intel. Tó bá jẹ́ ntdll.dll lẹ rí, ẹ má tíì dájọ́. Ti Windows fúnra ẹ̀ nìyẹn, àṣìṣe ẹlòmíì sì sábà máa ń fara hàn níbẹ̀.

Èkejì: tí ojú kọ̀ǹpútà bá ṣókùnkùn fírí tó tún mọ́lẹ̀ padà, inú System nínú Event Viewer yẹn kan náà ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ wá nọ́ńbà 4101. Láti ayé Vista ni Windows ti ń ṣọ́ káàdì fídíò. Tí káàdì ò bá dáhùn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 2, Windows á tún driver ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Driver lè jí o, àmọ́ sọ́fítíwià tó ń lò ó lè ti kú. Tí kò bá jí, ojú búlúù ló kù, pẹ̀lú VIDEO_TDR_FAILURE. RAM, ìyẹn ìrántí kọ̀ǹpútà, kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ tú níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta... ẹ jẹ́ n kúkú sọ ìtàn ẹ̀, torí òun gan-an ló ń dùn mí.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, obìnrin ayàwòrán-ilé kan gbé láptọ́ọ̀pù wá. Tó bá ń fa ìlà lásán nínú AutoCAD, sọ́fítíwià tó fi ń yàwòrán ilé, kò sí wàhálà. Tó bá ti fẹ́ yí ilé náà po ní 3D báyìí, pàà, ó ti pa dé. Mo ní, "Ọ̀gá, ó jọ driver fídíò o, ìgbà tó bá fẹ́ lo káàdì yẹn dáadáa ló ń ṣe é." Wọ́n wò mí tòkè tilẹ̀. "Ìgbà wo lo dé ibí?" La bá pààrọ̀ RAM. Obìnrin náà sanwó, ó lọ, kò pẹ́ ló tún gbé e padà wá.

Ọ̀gá ní kí n fọ́ọ̀mátì ẹ̀. Wọ́n rán mi níṣẹ́ ẹrú, mo gbìyànjú àtifi tọmọ jẹ́ ẹ: mo bi wọ́n pé ṣé a ti kó ohun tó wà lórí Desktop kúrò. Wọ́n ní orí D, apá kejì ibi ìpamọ́ tí a ò ní fọwọ́ kàn, làwọn ayàwòrán máa ń kó iṣẹ́ wọn sí, kí n má fi ìbéèrè pa àwọn. D wà lóòótọ́. Sinimá àti orin ìjọ ló kún inú ẹ̀.

Àwòrán ilé tí obìnrin náà fẹ́ lọ fi jíṣẹ́, orí Desktop ló wà látòkè délẹ̀. Nígbà tó tan láptọ́ọ̀pù ẹ̀, kò pariwo. Ó kàn ń ṣí fódà kan, ó ń pa á dé, ó tún ń ṣí òmíì. Ọ̀gá nawọ́ sí mi: "Ẹ má bínú, mà. Ọmọ yìí ni. Mo ní kó kó fáìlì yín kó tó ṣe é." Ẹ mọ bí ìkọ́ṣẹ́ ṣe rí, ẹni tó bá já ọ̀gá ẹ̀ nírọ́ lójú oníbàárà, kó máa palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ tí mi ò ṣẹ̀. A fi sọ́fítíwià wá fáìlì náà títí, Windows tuntun ti kọ ara ẹ̀ lé wọn lórí. Ìwọ̀nba .dwg, ìyẹn fáìlì AutoCAD, tó jáde ò ṣe é ṣí.

AutoCAD sì tún ń pa dé! Kí ló fẹ́ yí padà? Tẹ́ ẹ bá fọ́ọ̀mátì tán tẹ́ ẹ so íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, Windows Update ló máa ń gbé driver wá fúnra ẹ̀, ó sì lè jẹ́ èyí tó ń dà yín láàmú tẹ́lẹ̀ náà ló máa gbé wọlé. Bó ṣe rí níjọ́ yẹn nìyẹn.

Ọ̀gá lọ sípàdé àdúrà nírọ̀lẹ́. Mo ṣí Event Viewer. Error 1000 wà níbẹ̀, acad.exe lókè, fáìlì driver fídíò nísàlẹ̀. Mo kọ GRAPHICSCONFIG sínú AutoCAD, mo pa Hardware Acceleration, èyí tó ń jẹ́ kí AutoCAD lo káàdì fídíò, mo wá ń yí ilé kan po. Ó ń wọ́ bí ìgbín, àmọ́ kò pa dé. Mo já íntánẹ́ẹ̀tì, mo wọ Safe Mode, níbi tí Windows ti ń fi ìwọ̀nba nǹkan ṣiṣẹ́, mo fi DDU, sọ́fítíwià tó ń yọ driver, hú driver náà tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Mo wá fi fóònù mi wa driver tó bá nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì láptọ́ọ̀pù náà mu gan-an jáde lójú ìkànnì àwọn tó ṣe é, kì í ṣe èyí tó tuntun jù. Mo tan Hardware Acceleration padà. Ilé ń yí gbirigbiri.

Ẹ má gbàgbé àtijá íntánẹ́ẹ̀tì yẹn. Tẹ́ ẹ bá yọ driver tí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì wà lórí ẹ̀, Windows á ti gbé òmíì wọlé kẹ́ ẹ tó dìde. Tó bá sì jẹ́ tòkunbọ̀ ọdún 2011 tó ń lo Intel HD Graphics 3000 ni, ẹ má ṣèlérí fún oníbàárà: Intel ò ṣe driver Windows 10 fún un, Blender tuntun, sọ́fítíwià àwòrán 3D, ò sì ní ṣí lórí ẹ̀, torí OpenGL ẹ̀, ìlànà tí sọ́fítíwià fi ń bá káàdì fídíò sọ̀rọ̀, ò kọjá 3.1. Ẹ sọ fún un kó fowó ẹ̀ ra òmíì.

Ọ̀gá sọ fún obìnrin náà pé àwọn ti rí i ṣe. Wọ́n gbowó ẹ̀ o! Lónìí, tí láptọ́ọ̀pù bá ti sú wọn, wọ́n á fi ọmọ rán an sí mi. Mò ń gbà á. Owó iṣẹ́ mi ni mo máa ń kọ́kọ́ gbà kí n tó tan án.