Rosa àti ogun tó gbé bàbá ńlá mi lọ

Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù kìn-ín-ní, mo máa ń jáde nílé ní kùtùkùtù, nígbà tí òtútù Berlin ṣì ń gé ènìyàn létí. Itẹ́ òkú Friedrichsfelde ni mò ń lọ, kò jìnnà sí ibi tí mò ń gbé ní Lichtenberg. Lójú ọ̀nà ni mo ti ń ra òdòdó pupa mẹ́ta. Nelke ni wọ́n ń pè é níbí, òun sì ni àwọn sósíálíìsì, ìyẹn àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́, ti ń fi há àyà aṣọ láti ayé àwọn bàbá wọn. Ọ̀kan jẹ́ ti Rosa Luxemburg. Ọ̀kan jẹ́ ti Karl Liebknecht. Aṣáájú sósíálíìsì ní Jámánì tó tako ogun 1914 ni àwọn méjèèjì, oṣù kìn-ín-ní 1919 ni wọ́n pa wọ́n. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti bàbá ńlá mi, tí wọn kò gbọ́ orúkọ Rosa rí láyé wọn, tí a kò sì mọ ibi tí wọ́n sin wọ́n sí.

Ogun Jámánì ló gbé wọn lọ. Orúkọ tí àwọn àgbàlagbà ilé wa ní Abẹ́òkúta ń pe ogun ọdún 1914 nìyẹn. Ohun tí a mọ̀ kò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ: ìjọba òyìnbó ní kí àwọn olóyè kó aláàárù wá, bàbá ńlá mi wà nínú àwọn tí wọ́n kó, wọ́n ru ẹrù ṣọ́jà lọ sí Kamẹrúùnù, wọn kò padà. Bàbá àgbà mi ṣì wà lẹ́yìn ìyá wọn nígbà náà. Ọ̀pọ̀ aláàárù ni àìsàn pa lọ́nà, bóyá ohun tó pa wọ́n nìyẹn. Bàbá mi, tí wọ́n ṣiṣẹ́ reluwé ní Èbúté Mẹ́ta, tí wọn kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣeré, máa ń béèrè pé: "Kí ni Jámánì fi ṣe wá? Ta ló bá wọn jà?" Ìbéèrè yẹn ni mo gbé dé ìlú àwọn tó ja ogun náà.

Ilé ìtọ́jú arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Màmá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, wọ́n ti ń gbé òdòdó lọ sí Friedrichsfelde láti ìgbà tí wọ́n wà ní ọmọge. Nígbà tí ẹsẹ̀ kọ̀ fún wọn, èmi ni wọ́n ń rán. Àwọn náà ló ní kí n máa ka lẹ́tà tí Rosa kọ láti ẹ̀wọ̀n sókè fún wọn lálaalẹ́, kí èdè Jámánì mi lè já geere. Báyìí ni mo ṣe mọ̀ pé àwọn kan wà tí wọ́n ti búra pé ogun tó gbé bàbá ńlá mi lọ kò ní ṣẹlẹ̀.

Ìbúra gidi ni. Ní Paris, ní oṣù keje 1889, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣèlú sósíálíìsì láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè pàdé, wọ́n dá Ẹgbẹ́ Àgbáyé Kejì, tí òyìnbó ń pè ní Second International, sílẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fẹnu kò pé kí òṣìṣẹ́ gbogbo ayé jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 1890 láti béèrè iṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́. Òun ló di ayẹyẹ Ọjọ́ Òṣìṣẹ́ tí bàbá mi ń kó wa lọ. Ní Stuttgart ní 1907, wọ́n ní kí gbogbo ẹgbẹ́ sa gbogbo ipá wọn kí ogun má bàa bẹ́. Tó bá wá bẹ́, kí wọ́n lo rúkèrúdò rẹ̀ láti bi ìjọba àwọn olówó wó. Rosa àti àwọn ará Rọ́ṣíà méjì, Lenin àti Martov, ló jọ fi ìlà tó le yẹn kún ìpinnu náà. Ní oṣù kọkànlá 1912, wọ́n tún pàdé ní Basel, nínú kàtídírà, agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń dún lórí wọn, wọ́n sì tún ìlérí náà ṣe.

Jean Jaurès, aṣáájú sósíálíìsì ní Faransé, wà níbẹ̀. Ọkùnrin onírùngbọ̀n, tí ohùn rẹ̀ ń mi gbọ̀ngàn tìtì. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje 1914, Austria ti kéde ogun sí Serbia, Jaurès sì wà ní Brussels pẹ̀lú Hugo Haase, alága ẹgbẹ́ sósíálíìsì Jámánì. Ó gbé apá lé Haase léjìká níwájú èrò, kí gbogbo ènìyàn lè rí i pé ará Faransé àti ará Jámánì kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, ìyẹn ọjọ́ 31, ó wà ní Café du Croissant ní Paris, ó ń jẹun alẹ́. Ooru mú, wọ́n ṣí fèrèsé sílẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Raoul Villain, ọ̀dọ́kùnrin ará Faransé kan tó fẹ́ ogun, yìnbọn pa á láti ojú òpópónà. Ní 1919, ilé ẹjọ́ dá Villain sílẹ̀, wọ́n sì ní kí opó Jaurès san owó ẹjọ́. Mo ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà á gbọ́.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ, àwọn aṣòfin Jámánì jókòó láti dìbò lórí owó ogun. Ẹgbẹ́ sósíálíìsì ló tóbi jù nínú ilé náà: 110 nínú ìjókòó 397. Ní ìpàdé wọn lọ́jọ́ tó ṣáájú, 78 ní àwọn yóò fọwọ́ sí i, 14 kọ̀. Haase wà nínú àwọn 14 yẹn, síbẹ̀ òun gẹ́gẹ́ bí alága ni wọ́n ní kó dìde ka ọ̀rọ̀ pé ẹgbẹ́ wọn kò ní fi ilẹ̀ bàbá wọn sílẹ̀ lákòókò ewu. Gbogbo wọn dìbò pé bẹ́ẹ̀ ni, títí kan Liebknecht, nítorí òfin ẹgbẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan kò tíì pé tí Haase wà lábẹ́ apá Jaurès. Àwọn ará Faransé náà dìbò fún ogun tiwọn lọ́jọ́ kan náà. Ní Serbia, sósíálíìsì méjì péré ló wà nílé aṣòfin. Àwọn méjèèjì kọ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn méjì yẹn ju 110 lọ. Liebknecht náà tún ara rẹ̀ ṣe: ní ọjọ́ kejì oṣù kejìlá 1914, nígbà tí wọ́n tún dìbò lórí owó ogun, òun nìkan ló dìbò pé rárá.

Rosa kò sí nílé aṣòfin, nítorí obìnrin kò tíì lẹ́tọ̀ọ́ ìbò. Ọmọ Júù ni, ní Zamość ní Poland ni wọ́n bí i ní 1871. Ẹsẹ̀ kan ń tiro láti kékeré, ó sì gba oyè dókítà ní Zurich. Ní alẹ́ ọjọ́ ìdìbò náà, òun àti ọ̀rẹ́ díẹ̀ kóra jọ sílé rẹ̀, wọ́n fi tẹlígíráàmù ránṣẹ́ sí nǹkan bí 300 nínú àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ pé kí wọ́n dìde tako ogun. Clara Zetkin, obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, nìkan ló dáhùn láìṣe tàbí-ṣùgbọ́n. Ẹ̀wọ̀n ni Rosa ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún ogun yẹn.

Lẹ́tà kan wà tó kọ ní oṣù kejìlá 1917, ní ẹ̀wọ̀n Breslau, sí Sophie, ìyàwó Liebknecht. Wọ́n ń kó aṣọ ṣọ́jà tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ lára wá sínú ọgbà ẹ̀wọ̀n kí àwọn ẹlẹ́wọ̀n lè tún un rán. Ẹfọ̀n ló ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù náà, ẹfọ̀n tí àwọn ológun kó láti Romania. Ẹrù náà pọ̀ jù, wọn kò lè gùnkè wọlé. Ṣọ́jà tó ń dà wọ́n fi ìdí pàṣán nà wọ́n títí awọ fi bẹ́ lára ọ̀kan, awọ ẹfọ̀n tó yi báyìí. Nígbà tí wọ́n ń já ẹrù, gbogbo wọn dúró jẹ́ẹ́, eléyìí tó ń ṣẹ̀jẹ̀ sì ń wo iwájú bí ọmọ tí wọ́n nà tí kò mọ ohun tó ṣe. Rosa dúró níwájú rẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ó ní omijé ẹfọ̀n náà ni.

Mo dá ìwé náà dé. Màmá ní, "Kí ló dé?" N kò lè dáhùn. Bàbá ńlá mi ni mo rí: wọ́n mú wọn kúrò lórí ilẹ̀ wọn, wọ́n di ẹrù lé wọn lórí, ẹrù ogun tí ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé fún wọn.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sórí ẹranko. Ní oṣù kejì ọdún kan náà, ó ti kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Mathilde Wurm pé ìyà àwọn tó ń ṣiṣẹ́ rọ́bà ní Putumayo, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, àti ti àwọn dúdú ní Áfíríkà súnmọ́ ọkàn òun bákan náà bíi ti àwọn Júù ẹlẹgbẹ́ òun. Ó rántí àwọn ará Áfíríkà tí von Trotha, ọ̀gágun Jámánì, lé wọ aṣálẹ̀ Kalahari títí òùngbẹ fi pa wọ́n. Ta ló tún ń ronú kàn wá ní Yúróòpù lọ́dún yẹn?

Ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní 1919, àwọn ṣọ́jà mú òun àti Liebknecht lọ sí òtẹ́ẹ̀lì Eden, wọ́n pa àwọn méjèèjì, wọ́n sì ju òkú Rosa sínú omi Landwehrkanal. Ìparí oṣù karùn-ún ni wọ́n tó rí òkú kan yọ. Àwọn tó wà lórí àlééfà nígbà náà, ẹgbẹ́ sósíálíìsì tí Rosa fúnra rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ni. N kò lè fojú fo ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni n kò lè fojú fo àwọn tó ń gbé àwòrán Stalin wá síbi sàréè rẹ̀. Rosa ló kọ ọ́, nígbà tó ń bá Lenin wí, pé nígbà gbogbo, òmìnira jẹ́ ti ẹni tí èrò rẹ̀ yàtọ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní 1988, àwọn kan kọ ọ̀rọ̀ yẹn sára aṣọ, wọ́n fẹ́ gbé e dání níbi ayẹyẹ rẹ̀ gan-an. Ìjọba Ìlà-Oòrùn Jámánì kó wọn. Màmá wà nínú èrò lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní ojú ṣì ń ti àwọn pé àwọn rìn kọjá, àwọn kò sọ̀rọ̀.

Lọ́dún yìí, yìnyín bo ilẹ̀. Mo tò sórí ìlà pẹ̀lú àwọn arúgbó, mo fi òdòdó kan sí ti Karl, mo fi ọ̀kan sí ti Rosa. Àwọn ọdún tó kọjá, abẹ́ òkúta ńlá àárín ni mo ń gbé ẹ̀kẹta sí. Lọ́tẹ̀ yìí, mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ gbá yìnyín kúrò lórí òkúta Rosa, mo gbé ti bàbá ńlá mi sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀.