Ixora ìdí fẹ́ǹsì: ẹ̀kọ́ fún ẹ̀yin ọmọṣẹ́ olódòdó n'Ífẹ̀

Òjò ọdún yìí kò tíì dá tán tí àwọn onílé ti ń pe àwọn ọmọṣẹ́ padà: "Ẹ wá wo òdòdó yín o." Láti Parakin dé ọ̀nà Ẹdẹ, ẹjọ́ kan náà ni: ewé Ixora, igi òdòdó tí wọ́n tò sídìí fẹ́ǹsì, ti ń pọ́n. Èsì ọmọṣẹ́ náà kì í yí padà: "Ebi ló ń pa á, ẹ jẹ́ ká da eérú sí i." Ẹ̀yin àbúrò, torí eérú yìí ni mo ṣe ń kọ èyí. Bí a ṣe ń gbẹ́ ihò àti bí a ṣe ń bomi rin, ẹ ti mọ ìyẹn.

Ẹ̀kọ́ kìíní, ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà. Méjì méjì ni ewé Ixora ń jáde, wọ́n á dojú kọ ara wọn. Ẹ tẹjú mọ́ ibi tí ìdí ewé méjèèjì ti pàdé lára igi, ẹ ó rí nǹkan kékeré ẹlẹ́nu ṣóńṣó níbẹ̀. Bí kò bá sí, kì í ṣe Ixora, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á máa pè é. Èyí tó jẹ́ aràrá kì í sábà ga ju mítà kan lọ, ewé rẹ̀ kéré, ojú igi rẹ̀ sún mọ́ra. Èyí tó ga lè kọjá mítà méjì; ẹni tó bá gbìn ín sábẹ́ fèrèsé, àlùmọ́gàjí ni yóò máa fi sìn ín.

Ẹ̀kọ́ kejì, orí ẹ̀ka ni òdòdó ti ń yọ. Ẹni tó ń gé e lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òdòdó ló ń gé dànù. Bí ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ̀ka tí kò rọ̀ jù, tí kò sì gbó jù ni kí ẹ gé, sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, ẹ rì í sínú yanrìn odò tútù lábẹ́ ibòji. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ kó tó ta gbòǹgbò. Ẹ yéé fà á wò.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni ilẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ilẹ̀ tó kan díẹ̀ ni Ixora fẹ́, pH (òdiwọ̀n kíkan ilẹ̀) bíi 5 sí 6. Ilẹ̀ pupa Ifẹ̀ kì í sábà bá a jà. Ibi tí àwọn bíríkìlà ti po kọnkéré, tí wọ́n ti fọ bárò, tí wọ́n sì ri àfọ́kù bílọ́ọ̀kù mọ́lẹ̀, ibẹ̀ ni ìjà wà, torí ẹfun inú símẹ́ńtì ti wọlẹ̀ lọ. Wọ́n á bu iyẹ̀pẹ̀ bò ó, ẹ̀yin náà á dé, ẹ ó gbẹ́ ihò kóńkóló sídìí fẹ́ǹsì gan-an. Lóṣù bíi mélòó kan àkọ́kọ́, ó ń dán yinrin, torí iyẹ̀pẹ̀ inú ọ̀rá tí ẹ gbé e wá ló ṣì ń jẹ. Ìgbà tí gbòǹgbò bá yọjú síta ni ìyà bẹ̀rẹ̀. Irin kò wọ́n nínú ilẹ̀ wa, òun gan-an ló sọ ilẹ̀ di pupa. Ṣùgbọ́n ẹfun ti dè é mọ́lẹ̀, gbòǹgbò kò rí i mu.

Ẹ wo ewé kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ ewé tuntun orí ẹ̀ka ló pọ́n, tí iṣan rẹ̀ ṣì tutù bí àwọ̀n tí wọ́n tẹ́ sórí rẹ̀, àìrí irin mu nìyẹn. Bó bá jẹ́ ewé ìsàlẹ̀ tó ti gbó ló kọ́kọ́ pọ́n, tiṣan-tiṣan, ẹ lè wá pè é ní ebi. Ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ ìdí rẹ̀, kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Bó bá ń hó, ẹfun ń bẹ níbẹ̀.

Eérú wá ńkọ́? Iṣẹ́ kan náà lòun àti ẹfun ń ṣe: wọ́n ń pa kíkan ilẹ̀. Ẹni tó da eérú sídìí Ixora tó ń pọ́n, símẹ́ńtì ló fi kún símẹ́ńtì. Omi ọṣẹ tí àwọn ará ilé ń dà síbẹ̀ náà kò ràn án lọ́wọ́. Ewé tuntun á funfun, etí rẹ̀ á jóná, onílé á ní ẹ ta òkú òdòdó fún òun, kò sì ní san owó tó kù. Kò ní bi bíríkìlà léèrè o. Ìyẹn ti gba owó tirẹ̀ lọ.

Ẹ wú Ixora náà. Ẹ gbẹ́ kòtò tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60, tó jìn tó 45, kó jìnnà sí ògiri, kí ẹ kó gbogbo àfọ́kù kúrò, ẹ má dà á padà. Iyẹ̀pẹ̀ dúdú inú igbó ọ̀nà méjì, ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà ọ̀nà kan, ni kí ẹ pò pọ̀ fi dí kòtò náà, kí ẹ tún un gbìn síbẹ̀. Bí kò bá ṣeé wú, ẹ wá imí ọjọ́ (sulphur) lílọ̀ tí yóò dá kíkan ilẹ̀ padà, bíi gíráàmù 30 fún mítà kan níbùú lóòró, ẹ rò ó mọ́ ilẹ̀, kí ẹ bomi rin ín. Kì í yá. Ó lè gba oṣù mélòó kan, ẹ má ṣe fi ìwàǹwára bu òmíràn sí i. Ewé tó ti pọ́n lè má padà bọ̀ sípò. Ewé tó bá ń yọ ni kí ẹ máa wò. Bí mẹ́rin bá yọ tẹ̀lé ara wọn, tí wọ́n tutù látìdí dórí, ẹ lọ gba owó yín tó kù.