Ẹ̀kọ́ tí ẹ ó mú ní SS1, bí iṣẹ́ dókítà bá wù yín

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ fẹ́ wọ SS1, ọjọ́ tí wọ́n bá ń pín kíláàsì sí sáyẹ́ǹsì, áàtì àti kọ́máàsì ni ọ̀rọ̀ dókítà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá fi máa di àsìkò JAMB, ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì, ẹ̀pa kò ní bóró mọ́.

Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì: C6 sókè lẹ gbọ́dọ̀ ní nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní WAEC tàbí NECO. Ọ̀pọ̀ yunifásítì tún ń fẹ́ kí márààrún wá láti inú ìjókòó kan ṣoṣo, ìyẹn ìdánwò ẹ̀ẹ̀kan péré, fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ìṣègùn, kódà bí wọ́n bá ń gba ìjókòó méjì fún àwọn ẹlòmíràn. D7 kan péré nínú Físíìsì lè sọ A1 mẹ́rin di asán.

Físíìsì yìí gan-an làwọn ọmọ ń sá fún. Wọ́n á ní Ágíríìkì rọrùn jù ú lọ. Òótọ́ ni, mi ò sì bẹnu àtẹ́ lu Ágíríìkì, ẹ mú un mọ́ ọn bí ẹ bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ mẹ́rin tí ẹ ó ṣe ní JAMB fún ìṣègùn ni Gẹ̀ẹ́sì, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì. Ágíríìkì kò ráyè níbẹ̀. Bí ẹ bá sì wọlé tán, Físíìsì ń dúró dè yín ní 100 level. Ní 200 level, tí wọ́n bá ń kọ́ yín bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn àti ìdí tí ìfúnpá rẹ̀ fi ń lọ sókè nígbà tí òpó ẹ̀jẹ̀ bá fún, Físíìsì náà tún ni. Ẹni tó há a sórí nìkan máa ń jìyà níbẹ̀.

Kẹ́mísírì ní tirẹ̀, ẹ béèrè nípa láàbù kí ẹ tó yan iléèwé. Bébà ọ̀tọ̀ ni WAEC ní fún práktíkà, síbẹ̀ àwọn iléèwé kan wà tí ọmọ kì í fọwọ́ kan bùrẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá gíláàsì tí wọ́n fi ń wọn omi kẹ́míkà, títí ìdánwò fi kù sí dẹ̀dẹ̀. Ibi tí láàbù bá ti ń ṣí sílẹ̀ láti SS1, mo fara mọ́ ọn ju ibi tí ilé rẹ̀ rẹwà lọ.

Ẹ má fojú tín-ín-rín Gẹ̀ẹ́sì nítorí pé ẹ wà ní sáyẹ́ǹsì. Ìbéèrè 60 ló ní ní JAMB, 40 làwọn yòókù ní lọ́kọ̀ọ̀kan, máàkì 100 sì ni wọ́n ń fún ìkọ̀ọ̀kan.

Fọ́dà Máàtì, ìyẹn Ìṣirò tó jinlẹ̀ sí i? Kò pọn dandan. Yorùbá ńkọ́? Bí iléèwé yín bá gbà á, ẹ mú un. Mo ti rí ọmọ Yorùbá tó ń wá ẹni tí yóò bá a gbọ́ ohun tí ìyá arúgbó ń sọ ní wọ́ọ̀dù, ó sì wọ ẹ̀wù funfun, ó fi ìgbọ́kàn tí dókítà fi ń gbọ́ àyà kọ́rùn. Ojú tì mí fún un.

Ẹni tí kò bá sì dá lójú bóyá dókítà ló fẹ́ ṣe, kó má bẹ̀rù. Ẹ̀kọ́ márùn-ún yìí kan náà ni nọ́ọ̀sì àti apòògùn ń lò láti wọ yunifásítì. Ṣùgbọ́n ìlànà yunifásítì kan lè yàtọ̀ sí ti èkejì, nítorí náà ẹ fojú ara yín wo búróṣọ̀ JAMB, ibi tí wọ́n to ohun tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan ń béèrè sí, kí ẹ tó kọ ohunkóhun sínú fọ́ọ̀mù SS1 yín.