Ẹ̀wù Viking tó ya lábẹ́ abíyá

Fàà! Bí ẹ̀wù tuntun tí wọ́n rán bíi ti àwọn Viking, àwọn atukọ̀ àti jagunjagun àríwá Yúróòpù láyé àtijọ́, ṣe ya lábẹ́ abíyá lánàá nìyẹn, kété tí ẹni tó wọ̀ ọ́ gbé idà fóòmù sókè nínú eré. Òwú kọ́ ló jẹ̀bi. Ègé aṣọ onígun mẹ́rin tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni wọn ò fi sí i. Sẹ̀ǹtímítà 12 sí 15 ní ìhà kọ̀ọ̀kan ti tó. Òun ló ń fún apá láyè, torí gbọọrọ ni wọ́n máa ń gé ara ẹ̀wù náà. Ẹ kọ́kọ́ rán an mọ́ apá kí ẹ tó rán ẹ̀gbẹ́ pọ̀. Tó bá ku sẹ̀ǹtímítà 1 kí ẹ dé igun, ẹ dúró, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ aṣọ á ká jọ síbẹ̀.

Aṣọ irun àgùntàn ni kí ẹ lò o. Ẹ̀ta iná lásán ti tó láti yọ́ pólíẹ́sítà. Ẹ fọ̀ ọ́ kí àlùmọ́gàjí tó kàn án, kí òjò má baà sọ ọ́ di ẹ̀wù ọmọdé. Òwú ọ̀gbọ̀ tí ẹ bá fi ìda oyin pa kì í lọ́ mọ́ra.

Ní Hedeby, èbúté àwọn Viking àtijọ́ ní àríwá Jámánì, àkísà tí wọ́n fi ń kun ọ̀dà sára ọkọ̀ ojú omi ni púpọ̀ nínú aṣọ tí wọ́n hú jáde. Ojú abẹ́rẹ́ ṣì hàn lára wọn.