Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé kìlómítà tí mọ́tò oníná yín ń kọ síwájú yín

Mo fẹ́ kọ eléyìí nísinsìnyí tó ṣì ń ká mi lára. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa mọ́tò oníná lẹ mọ nọ́ḿbà tó máa ń wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù yẹn, èyí tó ń sọ iye kìlómítà tó kù. Òun ló pa mí lẹ́kún lálẹ́ Sátidé.

Èmi àti màmá mi ń padà sílé. Bátìrì wà ní pásẹ́ǹtì 38, dáṣíbọ́ọ̀dù ní mo ṣì lè rin 130 kìlómítà, ilé ò sì ju 90 lọ, mo ní ó ti tó, ó tún ṣẹ́ kù. Bí òjò ṣe dé nìyẹn. Òtútù ń mú màmá, mo tan híítà, wáípà ń lọ, mo sì ń sá 120 torí ilẹ̀ ti ṣú. Ìgbà tí mo máa tún wo nọ́ḿbà, ó ti já wálẹ̀ gan-an. Ó ku bíi 30 kìlómítà ká délé nígbà tí mo yà síbi tí wọ́n ti ń cháàjì, ẹ̀rọ méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ò tàn rárá, èkejì ò gba káàdì mi, mo fi fóònù ṣe é, ó kọ̀, mo yọ wáyà mo tún un kì bọ̀ ọ́ nínú òjò, ó kọ̀. Pásẹ́ǹtì 9.

A tún gbéra. Mo pa híítà, mo rọra ń lọ. Màmá fi aṣọ bora, kò sọ nǹkan kan, ìyẹn ló dùn mí jù. Ní pásẹ́ǹtì 3 àwòrán ìjàpá jáde lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ìyẹn àmì pé mọ́tò ti dín agbára rẹ̀ kù, bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tó kò sáré mọ́, tírélà ń fọn fèrè lẹ́yìn wa. Agbára káká ni mo fi yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kó tó kú. Màmá ní, "Ṣé ó ti tán ni?" Mi ò rí èsì fún wọn.

Ẹnì kan fẹ́ fi okùn fà wá, mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀ torí tí táyà bá ń yí nílẹ̀, ẹ̀rọ tó ń yí i lè máa pèsè iná, ó sì lè bàjẹ́. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ọkọ̀ tó máa gbé e sẹ́yìn pátápátá lẹ máa pè. Ó dé lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, a cháàjì, a délé.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé pásẹ́ǹtì ni kẹ́ ẹ máa wò. Bí mo ṣe wà á sẹ́yìn ni tèmi fi ń ṣírò kìlómítà, inú ìgboro ni mo sì ti wà látọjọ́ yìí, níbi tí bíréèkì ti ń dá iná padà sí bátìrì. Kò mọ̀ pé màá bọ́ sí títì marosẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì kúrò ní 60 bọ́ sí 120, ìlọ́po mẹ́rin ni atẹ́gùn á fi máa tì yín padà.

Ẹ má sì fi ohun tó máa gbé yín dé ibi ìcháàjì nìkan lọ síbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù tó máa gbé yín dé òmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́nikẹ́ni má sọ pé mi ò múra, mo múra, nọ́ḿbà yẹn ni mo gbà gbọ́. Mi ò sì ní tà á, ó ń lọ jẹ́ẹ́, kò sí pé à ń pààrọ̀ ọ́ìlì, ilé ni mo ti ń cháàjì mọ́jú.

Àmọ́ pásẹ́ǹtì o! Ọ̀pọ̀ mọ́tò yìí ló ṣeé yí. Ẹ wọ sẹ́tìǹsì yín lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ mú kìlómítà kúrò lójú yín. Èmi ti yí tèmi.